Ìtọ́sọ́nà fún Ádímìn Gúrúùpù Àdúgbò l'Ékòó: Èwo Lẹ Máa Jẹ́ Kó Dúró, Èwo Lẹ Máa Pa Rẹ́

Gúrúùpù WhatsApp àdúgbò ti di gbàgede. Ní Ṣómólú, ní Ìdí-Àràbà, ní Ebúté-Mẹ́ta títí dé Ìjú, ibẹ̀ ni síídíeè (CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò) ti ń pe ìpàdé, ibẹ̀ ni lánlọ́ọ̀dù ti ń béèrè owó gèètì, ibẹ̀ náà ni àwòrán ẹni tí wọ́n pè ní olè ti ń tàn ká kí ẹnikẹ́ni tó béèrè orúkọ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi ṣe ádímìn gba iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń pa ọ̀rọ̀ tó dùn wọ́n rẹ́, tí wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀ tó lè gba ẹ̀mí ènìyàn sílẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ máa ṣe nìyí: kí ohun tí ẹ máa pa rẹ́ kéré níye, kí ẹ tètè pa á rẹ́, kí ẹ sọ ìdí rẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn, kí ẹ má sì fọwọ́ kan ìbéèrè owó láéláé.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí òfin dé

Abala 39 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún oníkálukú ní ẹ̀tọ́ láti ní èrò tirẹ̀, láti gba ìròyìn, kó sì sọ ọ́ fún ẹlòmíì. Abala 45 wá gbà kí òfin dín ẹ̀tọ́ yẹn kù nítorí ààbò ìlú, àlàáfíà, ìlera, ìwà ọmọlúàbí, àti nítorí ẹ̀tọ́ àwọn ẹlòmíì. Ìjọba ni ẹ̀tọ́ yìí kọ́kọ́ ń dì lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí ilé ẹjọ́ ECOWAS fi dájọ́ ní ọjọ́ 14 oṣù Keje 2022 pé ohun tí ìjọba àpapọ̀ ṣe kò bófin mu nígbà tó ti Twitter pa láti ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 2021 di ọjọ́ 13 oṣù Kìíní 2022. Gúrúùpù àdúgbò kì í ṣe ìjọba. Ẹ lè sọ pé ọ̀rọ̀ àdúgbò nìkan lẹ fẹ́ níbẹ̀, kí àwọn tó ń polówó aṣọ àti àgbo jẹ̀díjẹ̀dí lọ polówó níbòmíì. Àmọ́ ibẹ̀ ni ará àdúgbò ti ń mọ ohun tí wọ́n fi owó wọn ṣe, nítorí náà ẹ má ṣe é bíi pàlọ̀ ilé yín, tí ẹ ti lè ní kí ẹni tí ẹ kò fẹ́ dìde.

Òfin tí wọ́n sábà máa ń fi halẹ̀ mọ́ àwọn tó ń kọ nǹkan sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni Cybercrimes Act ti 2015, pàápàá abala 24 rẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ó fẹ̀ débi pé ọ̀rọ̀ rírùn tàbí ọ̀rọ̀ tó ń ni ènìyàn lára lè gbé ènìyàn dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ilé ẹjọ́ ECOWAS sọ ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta 2022 pé abala náà tẹ ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ lójú, kí Nàìjíríà tún un ṣe, wọ́n sì tún un ṣe ní 2024. Ohun méjì ló kù báyìí nínú ìpín kìíní abala yẹn: àwòrán ìṣekúṣe, àti irọ́ tí ẹni tó fi ránṣẹ́ mọ̀ pé irọ́ ni, tó sì fẹ́ fi da ìlú rú tàbí fi ẹ̀mí ènìyàn sínú ewu. Ìjìyà rẹ̀ ni owó ìtanràn tí kò ju mílíọ̀nù 7 náírà lọ, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 3 lọ, tàbí méjèèjì. Ìhàlẹ̀ tó mú kí ènìyàn máa bẹ̀rù ikú tàbí ìpalára wúwo ju ìyẹn lọ: ó lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Ẹ ó rí i pé kò sí ibi tó ti sọ pé ṣíṣe àríwísí alága jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Ìbanilórúkọjẹ́ yàtọ̀ sí ìyẹn. Ẹni tí wọ́n fi irọ́ bà lórúkọ jẹ́ níwájú ẹlòmíì lè pe ẹjọ́, kó sì gba owó gbà-má-bínú. Òótọ́ jẹ́ ààbò. Èrò tí ènìyàn sọ tọkàntọkàn lórí ọ̀rọ̀ tó kan gbogbo ará àdúgbò, bó bá dúró lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, jẹ́ ààbò pẹ̀lú. "Wọ́n ní" kì í ṣe ààbò o. Kíkọ "bí mo ṣe rí i gbà nìyí" sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ fọ́wàádì kì í ṣe ààbò, nítorí ẹni tó gbé irọ́ ẹlòmíì kiri ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ èyí, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n.

Ẹ to inú gúrúùpù kí ìjà tó dé

WhatsApp gba ènìyàn 1,024 sínú gúrúùpù kan. Àdúgbò tó ní ọgọ́ta ilé kò nílò tó bẹ́ẹ̀. Ẹni méjì láti ilé kọ̀ọ̀kan ti tó, lánlọ́ọ̀dù tàbí aṣojú rẹ̀, àti ayálégbé kan. Ẹ fi ádímìn mẹ́ta síbẹ̀ ó kéré tán, kí ọ̀kan jẹ́ ayálégbé, kí obìnrin sì wà nínú wọn. Bó bá jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ burúkú á dúró síbẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta nígbà tí òun há sínú gósílóò lórí Third Mainland tí iná fóònù rẹ̀ sì ti tán. Bí gbogbo wọn bá jẹ́ lánlọ́ọ̀dù, ìbéèrè nípa owó kò ní pẹ́ kó tó pòórá.

Ẹ tẹ orúkọ gúrúùpù lókè, ẹ wọ "Group permissions". Ẹ tan "Approve new members", kí ẹ sì máa bi ẹni tó fẹ́ wọlé ní nọ́ńbà ilé tó ń gbé kí ẹ tó gbà á. Ẹ pa èyí tó ń jẹ́ kí gbogbo ènìyàn lè yí orúkọ àti àwòrán gúrúùpù padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó jí lọ́jọ́ kan, ẹ ó bá àmì ẹgbẹ́ òṣèlú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n "Send messages" ní tirẹ̀, ẹ ṣí i fún gbogbo ènìyàn. Títì í pa, kí ádímìn nìkan máa sọ̀rọ̀, ni oògùn tí ọ̀pọ̀ alága máa ń kọ́kọ́ lò, ó sì máa ń dá kún àìsàn náà ni. Àwọn tí ẹ pa lẹ́nu mọ́ á dá gúrúùpù mìíràn sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á máa sọ ohun kan náà níbẹ̀, kò sì ní sí ẹni tó lè dáhùn tàbí tó lè tọ́ ọ̀rọ̀ sọ́nà. Bí ìjà bá gbóná kọjá bó ṣe yẹ, ẹ tì í fún wákàtí méjì péré. Ẹ kọ aago tí ẹ máa ṣí i síbẹ̀ kí ẹ tó tì í, kí aago yẹn má sì lu láìjẹ́ pé ẹ ṣí i.

Ẹ má tan ètò tó ń mú kí ọ̀rọ̀ pòórá fúnra rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 24, ọjọ́ 7 tàbí ọjọ́ 90. Rìsíìtì àti ìpinnu ìpàdé wà níbẹ̀, ẹ ó wá wọn lọ́jọ́ kan.

Òfin gúrúùpù kò gbọ́dọ̀ gùn ju ohun tí ènìyàn lè kà nígbà tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ẹ so ó mọ́ òkè gúrúùpù ("Pin"), kí ẹ sì kọ ọ́ bí ẹni ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Irú èyí dára:

"Ẹ káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ àdúgbò wa la ń sọ níbí. Ẹ lè béèrè owó, ẹ lè ṣe àríwísí alága, akọ̀wé àti akápò, kò sí ẹni tó máa yọ yín nítorí ẹ̀. Ẹ má fi àwòrán tàbí orúkọ ẹnikẹ́ni síbí pé olè tàbí gbọ́mọgbọ́mọ ni. Ẹ pe ádímìn. Ẹ má halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ má bú ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Ẹ má gbé àwòrán òkú, ọmọdé tí wọ́n ń jìyà, tàbí ìhòòhò wá. Bí ẹ bá fọ́wàádì ìròyìn, ẹ sọ ibi tí ẹ ti rí i. Ohùn tí ẹ bá gbà sílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú kan lọ, kí ẹ sì kọ ìlà kan sábẹ́ rẹ̀ nípa ohun tó dá lé lórí. Bí a bá pa ọ̀rọ̀ yín rẹ́ tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ mú un wá sí ìpàdé oṣù."

Ọ̀rọ̀ nípa ohùn yẹn kì í ṣe eré. Inú fóìsì nóòtì ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni èébú àti ìhàlẹ̀ máa ń sá pamọ́ sí, nítorí ádímìn kì í ráyè gbọ́ ọ parí.

Ìbéèrè owó

Ibí ni ọ̀pọ̀ gúrúùpù ti ń bàjẹ́, ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ díẹ̀.

Ká ní ilé kọ̀ọ̀kan dá 15,000 náírà fún àtúnṣe tiransífọ́mà. Oṣù mẹ́rin kọjá, iná kò dé. Ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, Ìyá Ìbejì kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Alága, ẹ kú iṣẹ́ o. Owó tiransífọ́mà tí a dá, ibo ló wà?" Kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn, Bàbá Sùlè fi tirẹ̀ lé e: "Wọ́n ti jẹ ẹ́. Irú wọn ni wọ́n ń ba ìlú jẹ́." Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, ẹnìkẹta kọ ọ́ láìfi àmì sí i: "Akapo ko owo naa. Ole ni."

Ọ̀rọ̀ ti Ìyá Ìbejì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lójú òfin kankan. Bí ẹ bá pa á rẹ́, ẹ ti jẹ́wọ́ ohun tí ẹ kò ṣe. Ti Bàbá Sùlè gbóná, ó sì ń sún mọ́ ẹ̀sùn, àmọ́ kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ bi í léèrè ohun tó rí. Ẹ̀kẹta ló fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀. Láìsí àmì ohùn, "akapo ko owo naa" lè jẹ́ pé akápò kó owó náà lọ, ó sì lè jẹ́ pé akápò kọ owó náà, pé kò gbà á. "Ole" tó tẹ̀lé e lè jẹ́ olè, ó lè jẹ́ ọ̀lẹ. Ọ̀kan jẹ́ ẹ̀sùn tó lè gbé ènìyàn dé kóòtù, èkejì jẹ́ èrò ẹni lórí bí ẹlòmíì ṣe ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà ẹ má pa á rẹ́ kí ẹ tó bi í. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ń sọ pé wọ́n jí owó ni, àbí pé iṣẹ́ falẹ̀? Bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ẹ̀rí ránṣẹ́ sí ádímìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ká gbé e wá sí ìpàdé." Bó bá ní olè lòun ń sọ, tí kò sì ní ẹ̀rí, ẹ ní kó yọ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. WhatsApp ń fún ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú 15 láti tún un kọ, àti bí ọjọ́ méjì láti pa á rẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ̀rọ̀ kò ní di ọ̀tá yín. Bó bá kọ̀, ẹ pa ìlà kan yẹn rẹ́, kí ẹ fi àwọn tó ṣáájú rẹ̀ sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí akápò dáhùn láàrin wákàtí 48. Kó kọ iye tó wọlé, iye tó jáde, ẹni tí wọ́n san án fún, àti iye tó kù, kó sì ya fọ́tò rìsíìtì. Kó fi nọ́ńbà àkáǹtì àwọn ènìyàn pamọ́ kó tó fi fọ́tò náà síbẹ̀. Kò sí bí ádímìn ṣe lè mọ̀ ọ́n ṣe tó, bí ìdáhùn owó kò bá dé, ìjà yẹn á tún padà wá ní oṣù tó ń bọ̀.

Fún àwọn tó ń lo Facebook dípò WhatsApp: ibì kan wà nínú ètò ádímìn tí ẹ lè kó àwọn ọ̀rọ̀ kan sí kí Facebook lè máa ta yín lólobó bí ẹnìkan bá lò wọ́n. Ẹ má fi "ole" síbẹ̀. Gbogbo "ó lè" tí wọ́n kọ pọ̀ láìsí àlàfo ló máa gbé wá fún yín láràárọ̀.

Àwòrán ẹni tí wọ́n ní olè ni

Nínú gbogbo ohun tó ń wọ gúrúùpù àdúgbò, òun ló ń pa ènìyàn. Ẹ rántí oṣù Kẹrin 2020, nígbà kónílé-gbélé. Àtẹ̀jíṣẹ́ ń fò láti fóònù dé fóònù pé àwọn ọmọ ìta tí wọ́n ń pè ní One Million Boys ń bọ̀. Láti Agége dé Ìfàkọ̀-Ìjàyè ni àwọn ènìyàn ti ń sun táyà mọ́jú, tí wọ́n fi àdá àti igi ṣọ́nà. Olè wà níta lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àtẹ̀jíṣẹ́ náà kò ní ojú, kò ní orúkọ. Ní alẹ́ irú ìyẹn, ẹni tó ṣìnà wọ àdúgbò tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n wà nínú ewu tó pọ̀ jọjọ.

Bí fọ́tò bá wọlé pẹ̀lú "ẹ wo gbọ́mọgbọ́mọ tí wọ́n mú ní ìkóríta", ẹ ṣe báyìí.

Kí ìṣẹ́jú méjì tó pé, ẹ ya sikirínṣọ́ọ̀tì rẹ̀, kí orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́ àti aago hàn nínú rẹ̀. Ẹ wá tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ títí yóò fi ṣàmì, ẹ tẹ àpótí ìdọ̀tí, ẹ mú "Delete for everyone". Ó máa hàn sí gbogbo ènìyàn pé ádímìn báyìí ló pa á rẹ́, nítorí náà ẹ kọ ìdí rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: "A ti yọ fọ́tò yẹn. A kò tíì mọ ẹni náà, a kò sì mọ̀ bóyá ó ṣe é. A ń pe ọlọ́pàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ́wàádì rẹ̀." Ẹ mọ̀ pé fọ́tò tó ti bọ́ sínú gálárì fóònù ẹlòmíì kò bá a lọ. Ìdí tí ìyára fi ṣe pàtàkì nìyẹn.

Bí wọ́n bá ní wọ́n ti mú ẹnìkan sílẹ̀ níbì kan, ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì, 112 tàbí 767, kí ẹ sọ òpópónà, ilé tó súnmọ́ ibẹ̀ àti ibùdókọ̀. Kí ádímìn kejì pe DPO àgọ́ tó súnmọ́ yín. Nọ́ńbà rẹ̀ ti yẹ kó wà lọ́wọ́ yín tipẹ́. Kí ẹ̀kẹta pe ẹni tó fi fọ́tò ránṣẹ́, kì í ṣe kó kọ̀wé sí i. Kó bi í pé: níbo ló ti yà á, ṣé òun fúnra rẹ̀ ló yà á, ta ni ọmọ tí wọ́n ní wọ́n jí, ta ni òbí ọmọ náà? Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìdáhùn sí ìbéèrè kejì ni "wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi ni".

Ẹ wo orí ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Bí ọfà méjì bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú "Forwarded many times", a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá lọ́wọ́ ó kéré tán ènìyàn márùn-ún kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, WhatsApp kò sì ní jẹ́ kí ẹ fọ́wàádì rẹ̀ sí ju ibì kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi fọ́tò náà sínú Google Lens, tó ń wá ibi tí fọ́tò ti jáde tẹ́lẹ̀. Ó lè jẹ́ fọ́tò ọdún mẹ́rin sẹ́yìn láti orílẹ̀-èdè mìíràn. Bí ẹ bá rí òótọ́ rẹ̀, ẹ padà wá sọ ọ́ nínú gúrúùpù kan náà, láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí ojú gbogbo ènìyàn wà níbẹ̀. Ẹ má sọ ọ́ fún ẹni tó fi ránṣẹ́ nìkan.

Fọ́tò ọmọ tó sọnù yàtọ̀ o. Ẹ jẹ́ kó dúró bí òbí tàbí ọlọ́pàá bá fọwọ́ sí i, kí ọjọ́, aṣọ tó wọ̀ àti nọ́ńbà òbí wà lára rẹ̀. Bí wọ́n bá ti rí ọmọ náà, ẹ yọ ọ́, kí fọ́tò rẹ̀ má baà máa rìn kiri títí tí yóò fi dàgbà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yà àti ìdìbò

Láàárín ìdìbò ààrẹ ti ọjọ́ 25 oṣù Kejì 2023 àti ti gómìnà ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún kan náà, ọ̀rọ̀ Yorùbá àti Ìgbò gbóná l'Ékòó débi pé àwọn tí wọ́n ti jọ ń gbé fún ogún ọdún kò kí ara wọn mọ́. Kí ìdìbò 2027 tó dé, ẹ ti mọ ibi tí ẹ máa pààlà sí.

Ẹni tó bá sọ pé "ẹgbẹ́ yìí ni mo máa dìbò fún" ní ẹ̀tọ́. Ẹni tó ní "ètò àwọn Lábọ̀ kò dáa" tàbí "APC ti sú mi" ní ẹ̀tọ́. Ẹni tó kọ ọ́ pé "kí àwọn ẹ̀yà báyìí má jáde lọ́jọ́ náà o, wọ́n á rí ohun tí ojú wọn ń wá" ti kọjá ààlà. Ìhàlẹ̀ nìyẹn. Abala 26 nínú Cybercrimes Act dá lé ìhàlẹ̀ àti èébú tí wọ́n sọ sí ènìyàn ní gbangba lórí kọ̀ǹpútà tàbí íntánẹ́ẹ̀tì nítorí ìran, ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn rẹ̀. Ìjìyà rẹ̀ lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún 5 tàbí mílíọ̀nù 10 náírà. Ẹ pa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì yọ ẹni tó kọ ọ́. Ẹ má gbàgbé pé ìwọ̀n kan náà lẹ máa fi wọn gbogbo ènìyàn: bí ẹ bá yọ Chinedu tí ẹ fi Kúnlé sílẹ̀, iṣẹ́ yín ti parí.

Àwòrán ìhòòhò àti ti ọmọdé

Níbí, òfin sikirínṣọ́ọ̀tì kò ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ àwòrán ìṣekúṣe tó ní ọmọdé nínú, níní i lọ́wọ́ gan-an jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ abala 23 nínú Cybercrimes Act. Ẹ kọ orúkọ, nọ́ńbà àti aago sínú ìwé, ẹ pa á rẹ́, ẹ yọ ẹni náà, ẹ lọ sọ fún ọlọ́pàá. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà tí ẹnìkan gbé ìhòòhò rẹ̀ jáde láìgba àyè lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ pa á rẹ́, kí ẹ wá ẹni tó wà nínú àwòrán náà lọ ní ìkọ̀kọ̀. Bí àwòrán bá ti dé Facebook, Instagram tàbí TikTok, StopNCII.org lè bá a dènà rẹ̀: àwòrán náà kò ní kúrò lórí fóònù rẹ̀, àmì ìdánimọ̀ tí ẹ̀rọ ṣe láti ara rẹ̀ nìkan ló ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ náà. Ìlànà tí NITDA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ìmọ̀ ẹ̀rọ ìròyìn, gbé jáde ní 2022 tún ní kí ilé iṣẹ́ ìkànnì gbé ìgbésẹ̀ láàrin wákàtí 24 lórí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. DSVA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń gbógun ti ìwà ipá inú ilé àti ìwà ipá ìbálòpọ̀, náà ń ran àwọn tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí ẹ ṣe máa bá ènìyàn wí

Ìgbà àkọ́kọ́, ẹ kọ̀wé sí i ní ìkọ̀kọ̀, kí ẹ fi ọ̀wọ̀ kọ ọ́. Àgbàlagbà tí ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún bá wí ní gbangba kò ní gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Bí ojú ṣe tì í nìkan ló máa gbọ́. Bó bá jẹ́ àgbà, ẹ jẹ́ kí ádímìn tó dàgbà jù pè é: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀rọ̀ àná yẹn ti kan ẹ̀yà ẹni tó ń gbé lókè yín. Ẹ bá wa yọ ọ́." Ìgbà kejì, ẹ kọ ọ́ sínú gúrúùpù, kí ẹ tọ́ka sí ìlà òfin tó rú. Ìgbà kẹta, ẹ yọ ọ́ fún ọjọ́ 14, kí ẹ sọ ọjọ́ tó máa padà, kí ẹ sì rí i pé ẹlòmíì ń mú ìkéde ìpàdé àti ti iná dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí pé ó ṣì ń san owó àdúgbò. Ìhàlẹ̀, ìhòòhò àti fọ́tò tó lè fa ìlùpa kò ní ìgbà àkọ́kọ́.

Kí ádímìn méjì fọwọ́ sí i kí ẹ tó yọ ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ ádímìn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń bú, kó dákẹ́, kí àwọn méjì yòókù pinnu.

Bí ìjà orúkọ bá le láàrin àwọn méjì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé ara wọn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Citizens' Mediation Centre ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ń bá ènìyàn parí irú ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ọlọ́pàá bá sì pe ẹnìkan nítorí ohun tó kọ, kó mọ̀ pé abala 35 ìwé òfin fún un láyè láti dákẹ́ títí yóò fi bá agbẹjọ́rò rẹ̀ sọ̀rọ̀, pé wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e dé ilé ẹjọ́ láàrin ọjọ́ kan níbi tí kóòtù kò bá jìnnà ju kìlómítà 40 lọ, kò sì sí ibi tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ sí kóòtù ní Yàbá tàbí Múṣin. Ọ́fíìsì Public Defender ti ìpínlẹ̀ Èkó ń fún ẹni tí kò lówó ní agbẹjọ́rò lọ́fẹ̀ẹ́.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ ìkànnì bá pa ọ̀rọ̀ tiyín rẹ́

Ẹ̀rọ ló ń kọ́kọ́ wo ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ lórí Facebook àti Instagram, Yorùbá láìsí àmì sì máa ń rú u lójú. Ẹ tẹ ìkìlọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́, ẹ béèrè àtúnyẹ̀wò. Bí wọ́n bá tún kọ̀, wọ́n lè fún yín ní nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú FB tàbí IG; ẹ fi lọ sọ́dọ̀ Oversight Board, ìgbìmọ̀ tó ń tún ìpinnu Meta, ilé iṣẹ́ tó ni Facebook àti Instagram, yẹ̀ wò, láàrin ọjọ́ 15. Díẹ̀ péré ni wọ́n ń yàn nínú èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ wọn, àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ àṣedànù. Lẹ́yìn tí wọ́n pa àwọn olùjọsìn ní ìjọ Kátólíìkì ní Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 2022, Meta yọ fídíò kan tí ẹnìkan gbé sórí Instagram. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, Oversight Board ní kí wọ́n dá a padà, pẹ̀lú ìkìlọ̀ lójú rẹ̀, nítorí pé ó ń jẹ́ kí ayé mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ní láti gbé ohun burúkú tó ṣẹlẹ̀ lágbègbè yín síta, ẹ kọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ọjọ́ rẹ̀, àti ìdí tí ẹ fi gbé e, ní gbólóhùn tó já gaara. Ẹ bo ojú àwọn tó farapa.

Ìwé àkọsílẹ̀

Ẹ ní ìwé kékeré kan. Ìlà kan fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ẹ pa rẹ́: ọjọ́, aago, ẹni tó kọ ọ́, òfin tó rú, ádímìn méjì tó fọwọ́ sí i. Ẹ kà á ní ìpàdé oṣù láìdárúkọ, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn dìde bó bá fẹ́. Bí ìlà tó wà níbẹ̀ nínú oṣù kan bá ju mẹ́wàá lọ ní àdúgbò ọgọ́ta ilé, ẹ̀yin ádímìn lẹ ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́ jù, ẹ lọ yẹ àwọn ìlà náà wò bóyá èyí tó jẹ́ ìbéèrè owó wà nínú wọn. Ẹ dá irú rẹ̀ padà, kí ẹ sì dáhùn rẹ̀.